Àmánà Tó Gba Ẹnu Gbohùngbohùn Jáde

Ní orúkọ Ọba tó ń gbọ́ ohun tí a sọ síta, tó sì ń gbọ́ èyí tí a gbé mì. Ẹ̀yin jámáà, mo ṣe ìlérí níwájú Ọlọ́hun, àti níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní yìí, pé ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò ní gùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí àáfáà bá ti ní ọ̀rọ̀ òun kò ní gùn, àwọn ìyá a ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n pa iná ìdí ọbẹ̀. Àmọ́ mo ti dàgbà. Àgbàlagbà kì í ní èémí tí yóò fi ṣòfò.

Àmánà ni ẹ̀kọ́ wa lónìí. Bí a bá ti dárúkọ àmánà, ẹrù ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ sí. Ẹnì kan fi àgbò sọ́wọ́ rẹ kó tó rìnrìn àjò, ó dé, o dá àgbò padà, o ní o ti ṣe tìrẹ. Ó dára. Ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sọ́wọ́ rẹ, ṣé àgbò rẹ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni? Àgbò tó bá já, a lè fi ewé fà á padà. Ọ̀rọ̀ tó bá já, ewé wo lẹ fẹ́ nà sí i? Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tí a fọkàn tán tó wá dalẹ̀, ọ̀kan nínú àmì munáfíkì wà lára rẹ̀. Kò sọ pé àfi bó bá jẹ́ ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà.

Orúkọ tí mo máa pè nínú ìtàn yìí kì í ṣe orúkọ wọn. Ìlú náà, ẹ má bi mí. Ó wà láàárín ìlú méjì.

Ní ìlú náà, ìyà ń jẹ àwọn ọmọ kan. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ń ṣàánú wọn o. Aláàánú pọ̀ ju ọmọ lọ. Tíṣà rí i pé ọmọ kò wá sílé-ìwé mọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì rí ojú ọgbẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí gbọ́ ẹjọ́, ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù. Mọ́sálásí fún ìyá ọmọ ní ìrẹsì sàráà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe. Ọmọ kan wà tó dáhùn ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà ní ọ́fíìsì mẹ́rin. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá òun ti yege.

Ni Nọ́ọ̀sì Fadérera bá ní, “Ẹ jẹ́ ká jókòó pọ̀ jàre.” Wọ́n jókòó pọ̀. Gbogbo Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, wọ́n á pàdé nínú yàrá ilé kéú: Nọ́ọ̀sì Fadérera, ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ọládùnjoyè tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn, àti Àláájà Mùínátù, Ìyá Àdínì, tó ṣojú mọ́sálásí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì méjì, Mùsùlùmí méjì, kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì bó ṣe ń kírun. Wọ́n kó ìwé ọwọ́ wọn pọ̀ ṣe ẹyọ kan. Wọ́n sì búra, kálukú pẹ̀lú ìwé mímọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, pé ohun tí àwọn bá gbọ́ nínú yàrá yẹn, inú yàrá yẹn ni yóò kú sí.

Ibẹ̀ ni Àwáwù mú ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ.

Àwáwù ń yan gààrí. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀, ti kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún un, Ṣùkúrátù, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Làmídì oníṣòwò pákó, ní ọmọ ẹbí ni Ṣùkúrà, òun lòun máa tọ́ ọ. Báwo ló ṣe tọ́ ọ? Ó mú un lọ bá obìnrin kan ní Èkó tó ń wá ọmọ tí yóò máa bá a ṣiṣẹ́ ilé. Obìnrin náà fi páànù ránṣẹ́ sí Làmídì, ìyẹn sì fi bo ìdajì ilé rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méje, ọmọ náà sá padà wálé pẹ̀lú àpá áyọ́ọ̀nù gbígbóná ní èjìká, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Làmídì wo èjìká ọmọ, ó wo òrùlé rẹ̀. Ó ní kí ọmọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa padà lọ. Ilé kò lè wà ní ìdajì.

Nígbà tí Àwáwù kọ́kọ́ wọ inú yàrá yẹn, kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ọwọ́ tí iná gààrí ti bó ká etí ìbòrí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Ìyá Ṣùkúrà, bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, a ò ní mọ ibi tá a máa dì mú.” Àwáwù ní, “Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.” Ọ̀gbẹ́ni Ọládùnjoyè ní ìjọba ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù túbọ̀ bà á.

Àláájà Mùínátù ló dìde lọ jókòó tì í. Àláájà yìí ló dáná fún un títí di ìgbà tí wọ́n ṣe fìdáù ogójì ọjọ́ ọkọ rẹ̀. Ó fà á mọ́ra. “Àwáwù, ọmọ mi. Wò mí lójú. Ọwọ́ tí mo fi kan Káábà nìyí, òun ni mo fi dì ọ́ mú. Sọ ọ́ sí mi létí. Kò sẹ́lòmíràn tó máa gbọ́.”

Àwáwù sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí kò tíì sọ fún ìyá tó bí i.

Ẹ̀yin jámáà, kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: ìgbìmọ̀ náà ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Nọ́ọ̀sì ti ń tọ́jú èjìká. Ọ̀gá ilé-ìwé wá ààyè fún ọmọ ní ilé-ìwé kan ní àdúgbò Òkè-Òróró, lápá kejì ìlú. Àláájà fúnra rẹ̀ ló bẹ Ìyá Aránṣọ, opó kan tó ń gbé nítòsí ibẹ̀, pé kó gba ọmọ sílé fúngbà díẹ̀ kí Làmídì má bàa rí i. Ọ̀gbẹ́ni Ọládùnjoyè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, adájọ́ sì dá ọjọ́ Àlàrúbà. Bó bá ti di Àlàrúbà, ìwé á jáde, ọlọ́pàá á mọ̀ nípa rẹ̀, Làmídì kò ní lè fọwọ́ kan ọmọ náà mọ́. Títí di ìgbà náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí gbogbo wọn ní láti ṣe. Kí wọ́n dákẹ́.

Lójoojúmọ́, bí Àwáwù bá ti kúrò nídìí gààrí, á gba ẹ̀yìn odò lọ wo ọmọ rẹ̀. Ṣùkúrà kò tọ̀ sórí ẹní mọ́. Ó ti ń gán bọ́tìnnì sára aṣọ oníbàárà. Ní ọjọ́ kan ó gán bọ́tìnnì mẹ́fà sára ẹ̀wù tó ní ihò márùn-ún, Ìyá Aránṣọ bú u, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín. Àwáwù dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti bí ọdún kan. Ó padà síta kó lè sunkún dáadáa kó tó wọlé.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ mọ àsàlátù àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ mọ̀ pé bí a bá ti parí, àwọn tó ní ẹ̀dùn-ọkàn á fi ránṣẹ́ sí iwájú, a ó sì bá wọn ṣe àmín sí i. Súnnà àdúgbò wa ni, kò burú. Aboyún kan fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àmín. Ẹnì kan fẹ́ gba físà, àmín. Mọ́sálásí wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gbohùngbohùn tuntun ni, ẹlẹ́nu mẹ́rin, nítorí pé ti mọ́sálásí ìsàlẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́ta. Ẹnu kan kọjú sí ọjà, ọ̀kan kọjú sí ààfin, ọ̀kan kọjú sí ilé ìwòsàn. Èyí tó kù kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń ta pákó.

Àwáwù wà láàárín àwọn obìnrin nígbà tí Àláájà Mùínátù gba ẹ̀rọ. Omi ti lé ròrò sójú Àláájà. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn o. Àánú ọmọ náà ṣe é dénú. Ẹ má gbàgbé èyí, torí ibẹ̀ gan-an ni bìlísì ti máa ń mú àwa tí a mọ ìrun kí.

Àláájà ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ bá mi tọrọ fún ọmọ òrukàn kan. N ò ní dárúkọ rẹ̀ o. Àmánà ni.”

“Àmín!”

“Ọmọ Àwáwù wa tó ń yan gààrí ni.”

“Àmín!”

“Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fẹ́ tún fi ṣọwọ́ sí Èkó. N ò ní sọ ẹni tó jẹ́. Oníṣòwò pákó ni.”

“Àmín!”

Àwáwù na ọwọ́ sókè, ó ń fi ṣe àmì pé rárá. Àláájà rí ọwọ́ tó nà, ó rò pé ó ń gba àdúrà ni. Ó tẹ̀ síwájú. “Ọlọ́hun, èjìká rẹ̀ tó jóná, bá wa fi ọwọ́ àánú rẹ pa á. Ìtọ̀ tó ń tọ̀ sórí ẹní, bá wa mú un kúrò pátápátá. Ìyá Aránṣọ tó gbà á sílé ní Òkè-Òróró, ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn tánkì omi, bá wa bùkún un. Kóòtù tí wọ́n ń lọ ní Àlàrúbà, bá wa dá wọn láre.”

“Àmín! Àmín o!”

Obìnrin tó jókòó ti Àwáwù fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. “Ìwọ ni wọ́n mà ń ṣàdúrà fún, ìyá yìí! O ò ní ṣe àmín ni?”

Àwáwù sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n kọjá.”

“Kọjá lọ síbo?”

Àláájà ti rí i. “Ìyá ọmọ náà nìyẹn! Ẹ jẹ́ kó wá síwájú, ká gbọ́wọ́ lé e lórí.”

Ọgbọ̀n obìnrin fà á síwájú. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n dì í lápá, wọ́n sì ṣe àdúrà gígùn, àdúrà tó dùn. Bó bá ti fẹ́ dìde, wọ́n á ní ẹ̀mí ló gbé e, wọ́n á tún fi kún un.

Làmídì ńkọ́? Láàárín pákó rẹ̀, ó ti tẹ́tí sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Làmídì ti ṣe àmín kẹ́yìn. Wọ́n ní lọ́jọ́ yẹn, ó ṣe é. Ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n máa tú Àwáwù sílẹ̀, ó sáré jáde láìwọ bàtà. Ó pe Ìyá Aránṣọ, fóònù rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń bá a gba iná sí i. Ó pe Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé ilé aláwọ̀ ewé. Ìyá Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìyá Ṣùkúrà, ẹ ti pẹ́ díẹ̀. Bàbá tí Àláájà rán wá ti mú un lọ.”

“Bàbá wo?”

“Ó ní ìgbìmọ̀ ló rán òun, pé wọ́n ń gbé ọmọ kúrò kó tó di Àlàrúbà. Ṣé n ò ní gbà á gbọ́ ni? Ó mọ ti èjìká. Ó mọ ti kóòtù. Ó mọ ti ẹní pàápàá.” Ẹ̀rín rẹ̀ kú. “Àwáwù, ta ni mo gbé ọmọ fún?”

Aṣọ dúdú kan wà lára ògiri, aṣọ àwọn ẹlẹ́hàá, tó ń bo obìnrin láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Oníbàárà kan ló ní kí wọ́n bá òun rán an, kò tíì wá gbà á. Àwáwù já a lulẹ̀, ó gbé e wọ̀. Ìyá Aránṣọ fún un ní owó ọkọ̀ láìka iye rẹ̀. Ó di garáàjì ọkọ̀ Èkó.

Ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí kò kàn pariwo ní garáàjì. Mo gbọ́ yín. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pariwo. Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́? Ṣé ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń mú ọmọ ẹbí rìnrìn àjò ni, àbí opó tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀? Ìwé tó máa gbè é lẹ́yìn, Àlàrúbà ni wọ́n dá fún un.

Ọkọ̀ Èkó wà lórí ìlà, ó ku èrò kan. Làmídì ti yọ orí láti ojú fèsé, ó ń bá wọn pe èrò ju agbèrò lọ: “Ó ku ẹnì kan! Ẹnì kan péré o!” Nígbà tó rí ẹlẹ́hàá tó ń bọ̀, inú rẹ̀ dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn. “Àláájà, ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ jókòó ti ọmọ mi yìí, kí ọkùnrin má bàa fara kàn yín.” Ẹ wo onísìn!

Àwáwù jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ṣùkúrà wo ojú fèsé, omijé ti gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ṣí. Lábẹ́ aṣọ dúdú yẹn, ọwọ́ kan yọ, ó di ọwọ́ ọmọ mú. Ọwọ́ líle, ọwọ́ tí iná gààrí ti bó. Ọmọ mọ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Sùbùhánà-Lláhì! Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ìyá rẹ̀ nìyí, ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Kí ni ọmọ náà ṣe? Kò pariwo “Màmá.” Kò yí ojú padà. Ó kàn fún ọwọ́ yẹn mọ́lẹ̀, ó sì ń wo igi tó ń kọjá lọ lójú fèsé. Ohun tí àgbà tó kan Káábà kò lè ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ yìí ṣe é fún wákàtí méjì. Ó dákẹ́.

Wọ́n dé ibi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń dúró jẹun. Ebi ń pa Làmídì. Àdúrà àti eré ọ̀kadà máa ń dá ebi sílẹ̀. Ó ta ìka sí ẹlẹ́hàá. “Àláájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó ọmọ yìí. Àmánà ni o.”

Ẹlẹ́hàá mi orí pé kò sí ìyọnu.

Wọ́n ní iyán méjì ni Làmídì jẹ. Nígbà tó fi máa fọwọ́, ìyá àti ọmọ ti sọdá títì, wọ́n ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ síbòmíràn. Mo ti bi àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ bóyá Àwáwù dalẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní Ọlọ́hun pa á láṣẹ ká dá àmánà padà fún ẹni tó ni ín, wọ́n sì ní kí n lọ jókòó.

Ẹ fẹ́ kí n dá a dúró níbẹ̀, àbí? Ẹ fẹ́ máa lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ dúró.

Ọjọ́ Àlàrúbà, gbogbo ìgbìmọ̀ pé sí kóòtù. Nọ́ọ̀sì mú ìwé ọgbẹ́ wá. Ọ̀gá ilé-ìwé mú ìwé tirẹ̀ wá. Ọ̀gbẹ́ni Ọládùnjoyè wọ táì. Kò sí ohun tó kù. Adájọ́ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. “Níbo ni ìyá wà? Níbo ni ọmọ wà?” Adájọ́ kò lè fi ìwé bo ẹni tí kò sí níbẹ̀, ló bá da ẹjọ́ nù. Òrùlé tí ọwọ́ mẹ́rin fi odindi oṣù kan kọ́, ẹnu kan ti wó o kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀.

Ní ìta kóòtù, Nọ́ọ̀sì kọjú sí Àláájà. “Kí lẹ ṣe yìí, Ìyá Àdínì?”

“Àdúrà ni mo ṣe!” ni Àláájà fi dáhùn. “Fadérera, ṣé àdúrà ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni? Mi ò dárúkọ ọmọ náà. Gbogbo jámáà jẹ́rìí mi, mi ò dárúkọ rẹ̀!”

Òótọ́ ni. Kò dárúkọ rẹ̀.

Ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó sí yàrá ilé kéú. Ìyá mẹ́rin ló yẹ kó wá lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó wá. Ọ̀kan nínú wọn dé ẹnu géètì, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ohùn Àláájà nínú yàrá, ó sì yí padà. A ò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn títí di òní.

Ó di oṣù kejì kí Àwáwù tó pe Nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Ó ròyìn ohun gbogbo, ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́ fún àwọn tó ń ṣètọ́jú ọmọ, kí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n. Ó ní òun ti dárí ji Àláájà nítorí Ọlọ́hun. Nọ́ọ̀sì ní, “Ọlọ́hun á fún ọ lérè. Èjìká ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ń lọ sílé-ìwé? Níbo lẹ wà, kí n fi oògùn ránṣẹ́?”

Àwáwù wá ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n ti wá kọ́ mi ní dídákẹ́.” Ó sì pa fóònù náà.

Oògùn náà ṣì wà lórí tábìlì Nọ́ọ̀sì.

Ohun tí mo fẹ́ ká mú lọ nìyẹn. Ẹ dáàbò bo ọmọ, ẹ pa ọwọ́ pọ̀ ṣe é, tíṣà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, mọ́sálásí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì, láádá ńlá ni. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ìyá tó gbé àṣírí ọmọ rẹ̀ wá bá yín, kò ní òmíràn nílé. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣàdúrà fún un, ẹ forí kanlẹ̀. Ọba tí à ń ké pè kò jìnnà, etí rẹ̀ kò di. Kò bẹ yín kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ.

Ọlọ́hun, fi ọ̀nà tó tọ́ hàn wá. Fi ìjánu sí wa lẹ́nu, kí o má jẹ̀ẹ́ kí oore wa di ọ̀bẹ. Ṣọ́ ọmọ tí a kò lè ṣọ́ mọ́, kí o sì dárí ji àwa tí a ṣe àmín láìgbọ́ ohun tí a ń ṣe àmín sí.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bò. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ibi tí obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ wà, kó má sọ fún ìyàwó rẹ̀, kó má sọ fún Nọ́ọ̀sì. Pàápàá jù lọ, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín, kó má sọ fún mi.